Ẹ-Dìde àti Àwọn Bẹ́ǹṣì Ẹlẹ́sẹ̀ Kúkúrú

"Ṣé wọ́n ti ṣí i?"

Ohun tí ìyàwó mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Inú ọkọ̀ la wà, à ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nígboro. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi. A ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba kọ́ sí abúlé wa fún àwọn tí oríkèé ara ń dùn. Wọ́n ti géètì rẹ̀ pa. Mo ní, "Rárá." Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ìdí tí wọn kò fi ṣí i ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Bó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀, ẹ ó mọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ Olùdarí Àgbà fún Ìlera Ìgbèríko. Kì í ṣe dókítà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ibi tí wọ́n ti ń ka màlúù fún ìjọba ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kà wọ́n dáadáa, wọ́n gbé e ga. Wọ́n ń gbé e ga bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé orí èèyàn.

Ọkùnrin yìí kúrú, ó sanra níwọ̀n, ó sì ní àṣà kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Bó bá wọ yàrá, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde. Bí wọ́n bá ti dìde, kì í yára jókòó. Á kọ́kọ́ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Á bọ́ awò ojú, á nù ún, á tún un wọ̀. Á mu omi. Á wo àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri, á mi orí sí i, bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìgbà náà ni á tó jókòó, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, pé kí àwọn yòókù náà jókòó. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Ẹ-Dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá" ni.

Ó ní akọ̀wé kan, ọkùnrin tín-ín-rín tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí ni kó ṣáájú ọ̀gá rẹ̀ wọlé, kó sì lọgun:

"Ẹ dìde! Ẹ dìde fún Olùdarí Àgbà! Òpó tó gbé ìlera ró! Baba gbogbo aláìsàn! Ọkùnrin tí ibà rí, tí ibà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Ẹni tí kò ka ìwé ìṣègùn, tí ìṣègùn fúnra rẹ̀ ń wá kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀!"

Ẹ-Dìde á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó tó o," ni á wí. "Má ṣe é láṣejù."

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé gbà á gbọ́. Ó gé e kúrú. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pín gègé ìkọ̀wé, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi rántí gbogbo oríkì náà padà.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Àbúrò ìyàwó mi ni awakọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wa ọ̀gá máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń bá ọ̀gá jókòó lọ.

Ìyàwó mi, onídìrí ni. Kò sí orí ọmọ kan lábúlé wa tí ìka rẹ̀ kò mọ̀. Ó wá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìka rẹ̀ kò ká. Oríkèé méjì wú, wọ́n gbóná. Nígbà tí oòrùn gòkè, wọ́n dẹ̀ díẹ̀, ó dìrí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún le gan-an. Lẹ́yìn náà ó kan ọrùn ọwọ́, ó kan orúnkún.

Yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe. Oníbàárà kan sọ pé ọ̀nà irun òun wọ́. Ó ní, "Orí rẹ ló wọ́, ọ̀rẹ́ mi. Èmi kàn tẹ̀ lé e ni."

Àwọn èèyàn ní làkúrègbé ni. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni.

"Ọjọ́ orí wo?" ló bi wọ́n. "Ẹ̀yin tí ẹ bí mi lọ́mọ, ìka yín ń ká. Ó yẹ kí ẹ fún mi níbi tiyín."

Nígbà tí ilé ìwòsàn parí, inú wa dùn. Dókítà dé, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Àìsàn oríkèé gan-an ló kọ́. Oògùn dé nínú páálí, wọ́n kó o sí yàrá kan, wọ́n tì í. Ìyàwó mi wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó ní kí n mú òun lọ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ẹ-Dìde ń ṣèpàdé ní ọ́fíìsì rẹ̀. Gbogbo wọn ti dìde, wọ́n ti jókòó. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ kéde ogun.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi! Ilé tí a kò tíì ṣí, ṣé ilé ni? Ẹ dá mi lóhùn!"

"Kì í ṣe ilé, sà!"

"Òkìtì búlọ́ọ̀kù ni! Nítorí náà, mo pa á láṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn nínú ilé yẹn, oògùn kankan kò sì gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, títí èmi fúnra mi, pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí, á fi gé ríbọ́n ẹnu ọ̀nà. Bí ara wọn bá ti yá kí n tó dé, ta ni wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé nu ojú tó gbẹ.

Dókítà ló nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Àìsàn yìí kì í dúró. Bí a bá tètè bá a, oríkèé ò ní bàjẹ́. Bó bá ti bàjẹ́ tán, oògùn ò lè dá a padà."

Ẹ-Dìde wò ó tàánú-tàánú. "Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé àwọn èèyàn yín ò lè rìn? Níbo ni wọ́n fẹ́ sá lọ kí n tó dé?"

Yàrá rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun kò rín.

Láti ọjọ́ náà, ọrùn akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn ń gbé. Okùn aláràbarà ló fi so ó.

Ó yẹ kí wọ́n ṣí ilé náà láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo ohun tó dá wọn dúró. Òkúta tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri ló kọ́kọ́ dé. Ẹ-Dìde wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti lẹ́tà "ilé ìwòsàn" dọ́gba.

"Ṣé ẹgbẹ́ mi ni ilé ìwòsàn?" ló bi wọ́n.

Wọ́n dá òkúta padà. Òmíràn dé. Orúkọ rẹ̀ tóbi lórí èyí débi pé kò sáyè láti kọ ohun tí ilé náà wà fún. Ó ní ìyẹn ló dára.

Ó kan àwòrán rẹ̀. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun rù nínú rẹ̀. "Ta ló máa gbà pé ìlera ń bọ̀ bí ọ̀gá ìlera bá ń rù?" Wọ́n dúró. Ó ń jẹun. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, wọ́n tún ya òmíràn.

Ó kan ríbọ́n. Wọ́n mú pupa wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n mú funfun, ó ní báńdéèjì ni. Wọ́n mú àwọ̀ ewé, ó ní kò bá kóòtù òun mu. Kóòtù ni wọ́n wá rán láti bá ríbọ́n mu, nítorí ó rọrùn fún ọ̀gá láti pààrọ̀ kóòtù ju ríbọ́n lọ. Ẹ má bi mí léèrè. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo sọ ọ́.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Dókítà ò lè jókòó lásán. Ó gbé àga kan sí ẹ̀yìn géètì, níta, ó ń wo àwọn èèyàn níbẹ̀. Mo mú ìyàwó mi lọ. Dókítà tẹ oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra ṣe é.

"Màmá, ẹ ò tíì pẹ́ jù," ló wí. "Ìka yìí ò tíì wọ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ ó máa dìrí lọ."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Mo ti jókòó."

Dókítà wo géètì. Ó wo ilẹ̀. Kò sí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí akọ̀wé fi gbọ́. Ó wá pẹ̀lú ariwo. "Dókítà! Ẹ ń wo aláìsàn lójú títì? Ṣé ẹ fẹ́ kí àìsàn tán nílẹ̀ kí ọ̀gá tó dé ni?" Ó gbé àga náà lọ.

Ìyàwó mi ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Pupa ni apá kan rẹ̀, dúdú ni apá kejì. Bó bá gbé e mì, ìka á dẹ̀, á dìrí dé ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó di méjì lójúmọ́. Ó di mẹ́ta. Dókítà pàdé wa lọ́nà, ó rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má gbé ìyẹn mì mọ́. Ikùn yín ló ń jẹ."

"Dókítà mi, ẹ fún mi ní tiyín, kí ẹ wò ó bí n kò bá ní ju èyí sínú igbó."



Kápẹ́ńtà ni mí. Nígbà tó yá, àbúrò ìyàwó mi wá bá mi níbi iṣẹ́. "Bọ̀dá," ló wí, "ọ̀gá ń wá ẹni tó máa kan àga fún ọjọ́ ṣíṣí. Mo ti dárúkọ yín. Ẹ ó rójú rẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ fún sìstá mi."

Mo lọ. Ọ́fíìsì náà wà lókè àjà kẹta. Lójú àtẹ̀gùn ni mo ti pàdé obìnrin kan tó jókòó sórí ìgbésẹ̀, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní wọ́n ní kí òun wá fúnra òun bí òun bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé orúnkún ń dun òun. Mo bá a gbé àpò rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, pé òun máa dé bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Ẹ-Dìde wọlé, mo dìde. Ó wò mí, ó bọ́ awò, ó nù ún, ó mu omi, ó kí àwòrán. A jókòó.

"Kápẹ́ńtà," ló wí, "ìtàn ló pè ọ́. Mo fẹ́ àga kan tó ga, tó jẹ́ pé bí mo bá jókòó lórí rẹ̀, ẹni tó dúró á máa gbójú sókè wò mí. Mo sì fẹ́ bẹ́ǹṣì fún àwọn ará abúlé. Ti wọn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀."

"Kó rẹlẹ̀ tó báwo, sà?"

Ó fi ọwọ́ wọn orúnkún rẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà wálẹ̀ sí i, ó tún gbé e wálẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà. "Ibí yìí."

"Sà, orúnkún ló ń dun àwọn tó máa jókòó síbẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn ò ní lè dìde."

Ó rẹ́rìn-ín. "Pákó lo mọ̀, o ò mọ èèyàn. Ọ̀wọ̀ ló ń gbé èèyàn dìde, Kápẹ́ńtà. Kì í ṣe orúnkún."

Akọ̀wé di orí mú. "Háà! Sà! Ẹ tún un sọ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwòsàn, lókè ibi tí àwọn aláìsàn ó máa gbà wọlé.

Mo wá sọ ti ìyàwó mi. N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀. Mo ní ìka rẹ̀ ń kú lọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí Dókítà kàn fún un ní oògùn, kí wọ́n tó gé ríbọ́n.

"Onídìrí ni, o ní?" Ojú Ẹ-Dìde tàn. "Ó dára gan-an! Àwọn oníròyìn á fẹ́ràn ìyẹn. Mú un wá lọ́jọ́ ṣíṣí. Á jókòó níwájú pátápátá. Orí rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé."

"Ìgbà wo ni, sà?"

"Ìgbà tí àga mi bá parí. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fá pákó. "Kápẹ́ńtà mi," ló wí, "o kò yára báyìí nígbà tí mo ní kí o kan bẹ́ẹ̀dì fún mi." Ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti ń funfun nígbà náà.

Mo gbé àga lọ. Ẹ-Dìde gùn ún, ó jókòó. Bàtà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Ẹsẹ̀ ará ìta ló ń kan ilẹ̀. Gbé e ga sí i."

Mo gbé e ga. Ó ní kó tún ga. Ìgbà tí mo ń fi ẹsẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀kẹta ni ìyàwó mi bì. Ẹ̀jẹ̀ ni, ó dúdú. Mo pe àbúrò rẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀gá ló gbé wá. A gbé e sẹ́yìn, níbi tí ọ̀gá máa ń jókòó sí.

Mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.

Nígbà tí Ẹ-Dìde gbọ́, ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Níbo gan-an ló kú sí? Ọ̀tún tàbí òsì?" Wọ́n ní ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n fọ ìjókòó ọ̀tún, kí wọ́n tún un fọ̀. Ó lé awakọ̀ dànù. Ó wá ránṣẹ́ sí mi pé òun kẹ́dùn, àti pé àga ńkọ́?

Mo parí rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo parí rẹ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí dé. Mínísítà fúnra rẹ̀ ń bọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ-Dìde ti sọ fún un pé iṣẹ́ ti ń lọ nílé ìwòsàn náà láti ìgbà tó ti parí, pé àwọn arọ ń sáré, pé ríbọ́n nìkan ló kù. Ó rò pé obìnrin náà á jókòó, á pàtẹ́wọ́, á sì lọ.

Láàárọ̀ kùtù ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn wá láti gbogbo abúlé àyíká. Wọ́n kó wọn sínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, níwájú ilẹ̀kùn inú tí wọ́n so ríbọ́n mọ́, wọ́n rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi. Ìkérora pọ̀. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Èmi, wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn àga ńlá, nítorí bó bá mì.

Akọ̀wé wọlé. "Ẹ dìde! Ẹ dìde fún òpó tó gbé ìlera ró! Baba gbogbo aláìsàn! Ọkùnrin tí ibà rí…"

Kò sẹ́ni tó dìde.

Àwọn kan gbìyànjú o. Bàbá kan di èjìká ẹnìkejì rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì gbéra díẹ̀, wọ́n padà lulẹ̀ pọ̀. Ìyá arúgbó kan gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà nínú kòtò, kí wọ́n lè rí i pé ó fẹ́.

Ẹ-Dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tó ti dé ipò, n kò rò pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Mínísítà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí sí i kíákíá.

"Ẹ wò wọ́n, mà! Ayọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára. Wọn ò fẹ́ kúrò lórí ìjókòó tí ìjọba fún wọn!"

Wọ́n fi àga kan tó ga díẹ̀ hàn án, lábẹ́ ti Ẹ-Dìde. Kò lọ síbẹ̀. Ó lọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Àyè kan wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún kò wá. Ó jókòó sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó náà.

Ẹ-Dìde gun àga rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń fì lókè. Ó ṣí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Màmá wa Mínísítà! Ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin tí mo fà jáde kúrò nínú ọ̀fìn ìrora! Kí ni orúnkún ṣáájú mi? Ẹrù ni! Kí ni ìka ṣáájú mi? Ìyà ni! Lónìí, ẹ wò mí, kí ẹ sì wo ara yín! Ẹ wò ó, mà, ẹ̀rí ò ju báyìí lọ." Ó nà ró lórí àga. Mo di àga mú. "Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí orúnkún ṣì ń dùn, tí kò tíì rí ìwòsàn gbà, mo ní kó dìde! Kó dìde dúró kí Mínísítà rí i!"

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ rí i?" Ẹ-Dìde na ọwọ́ méjèèjì. "Kò sí! Kò sí ẹyọ kan!"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Láti àárín gbọ̀ngàn, bàbá tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, bí mo bá lè dìde, kí ni mo wá ṣe níbí?"

Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé rín in. Àwọn tí ó dùn láti rẹ́rìn-ín di ìhà mú, wọ́n ṣì ń rín in. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú mi, omi náà kò sì dúró nígbà tí ẹ̀rín tán.

Mínísítà kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ dìde láti bi bàbá náà ní ìbéèrè. Ó gbéra. Kò lọ. Ó tún gbéra.

"Ẹ rọra, ìyá," ni ìyá arúgbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wí. "Gbogbo wa la ti gbìyànjú ẹ̀. Ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa."

Mínísítà jókòó padà. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, oògùn wo ni wọ́n ń fún yín níbí?"

"Níbí? Ta ló wọ ibẹ̀? Wọn ò tíì ṣí i."

"Dókítà dà?"

Dókítà jáde láti ẹ̀yìn.

"Èèyàn mélòó lẹ ti tọ́jú?"

"Kò sí, mà. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni kí ọ̀gá tó gé ríbọ́n."

"Oògùn ńkọ́?"

"Ó wà nínú ilé, mà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Gbogbo ojú lọ sí ọrùn akọ̀wé. Ó ti ń bọ́ okùn náà. "Màmá," ló wí, "mo ti ń sọ fún wọn! Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́! Ọkùnrin agbéraga ni, wọn kì í gbọ́! Ẹ̀yin ará, ẹ dìde fún Màmá wa Mínísítà, òpó tó gbé…"

"Panu mọ́," ni Mínísítà wí. "Ta ló fẹ́ kí wọ́n dìde?"

Dókítà gba kọ́kọ́rọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà inú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ ríbọ́n kọjá. Kò sẹ́ni tó gé e.

Sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ Ẹ-Dìde lókè. "Mà," ló wí, "ètò ṣì wà o. Èmi ni mo máa…"

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Mà, ọ̀rọ̀ mi ṣì ku apá tó…"

"Mo ní, sọ̀ kalẹ̀."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn tó yẹ kó gbé e sọ̀ ti lọ dúró lẹ́yìn Mínísítà. Ó fò. Àga náà ga. Ó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ náà yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàrin àwọn aláìsàn, ó ń pariwo bí ọmọ. Kóòtù aláwọ̀ ewé ya lẹ́yìn.

Ìyá arúgbó náà káàánú rẹ̀. Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú oògùn kan jáde. Pupa lápá kan, dúdú lápá kejì.

"Gbé e mì, ọmọ mi," ló wí. "Òun la fi ń ṣara gírí látọjọ́ tí a ti ń retí rẹ."

Ẹ-Dìde gbà á. Ó ti dé ètè rẹ̀. Mo ń wò ó. N kò yára.

Mo wá ní, "Má gbé e mì."

Ó wò mí. "Ìrora ni, Kápẹ́ńtà! Ìrora ni! Kí ló burú nínú rẹ̀?"

"Ikùn ló ń jẹ. Òun ló pa ìyàwó mi."

Ó jù ú nù bí ẹni tó di ejò mú. Lẹ́yìn náà ó wo inú ilé, níbi tí Dókítà ti ń tú páálí. "Kí wọ́n wá wò mí," ló wí. "Ẹ sọ fún un pé èmi ni."

"Ó ti mọ̀ pé ìwọ ni," bàbá àárín gbọ̀ngàn wí. "Wá tò."

Ó tò. Ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni wọ́n fi í sí, lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. Bí ẹnì kan bá wọlé, wọ́n á sún. Òun náà á fi ìdí wọ́, á sún. Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó kàn án, kò lè dìde. Nọ́ọ̀sì méjì ló fà á.

Wọ́n dá a padà sídìí màlúù. Mo gbọ́ pé bó bá dé, àwọn kan nínú wọn ń dìde, àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tuntun ti dé sí ọ́fíìsì òkè àjà kẹta. Akọ̀wé kan náà ló ń ké níwájú rẹ̀. Ẹ má bínú. Ìjọba ni.

Ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ kún gbogbo bẹ́ǹṣì. Bàbá àárín gbọ̀ngàn ti ń di bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn fún un. Ìka ìyá arúgbó ti pẹ́ jù, kò ní nà mọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ń sùn.

Ti ìyàwó mi ni mo máa ń rò bí mo bá ń kọjá níbẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí n kò tíì ṣe.

N kò tíì wọ ilé ìwòsàn náà kọjá gbọ̀ngàn. Dókítà ní kí n wá, kí òun wo orúnkún mi. N kò tíì lọ.

Àbúrò ìyàwó mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. N kò tíì fèsì.

N kò tíì kó aṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

N kò tíì dárí ji ọkùnrin yẹn.

N kò tíì sọ fún ọmọdébìnrin ìsàlẹ̀ ọ̀nà pé kó wá ẹlòmíì tó máa dìrí fún un. Ó ṣì ń wá jókòó síwájú ilé, ó ń dúró.

Ìyàwó mi ló máa ń gé irun mi. Ó ti kún báyìí, ó ti bo etí. N kò tíì gé e.